Ìṣó Tó Pòórá Lára Igi Bàbá Akínwọlé

Wọ́n ní igi máńgòrò kan wà ní Ali Kazaure, nínú ìlú Jos, tó máa ń gbé ọmọ ènìyàn lọ sọ́run. Kì í já ọmọ gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, kì í sì í wó lu ẹnikẹ́ni. Wọ́n á kan ìṣó mọ́ ọn lára níbi tí orí ọmọ dé, igi á wá máa ga, á máa gbé ìṣó náà gòkè pẹ̀lú ara rẹ̀ lọ́dọọdún, títí ìṣó á fi kọjá ẹnu òrùlé. Ọjọ́ tí ìṣó bá ti kọjá páànù, ó parí, ọmọ tó ni ín ti lọ nìyẹn. Ọkùnrin tó ń ta búrẹ́dì ní ìkòríta wọn á sọ fún ọ pé ojú òun ló ṣe. Bí o bá bi í pé ọdún wo, á ní kí o ra búrẹ́dì.

Ẹ̀yìnkùlé Fọlábí Akínwọlé ni igi náà wà. Ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì ni Fọlábí, ó ga, ó sanra, èjìká rẹ̀ fẹ̀ débi pé bó bá ń wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọjà Terminus, ẹ̀gbẹ́ kan ló máa ń kọ́kọ́ gbé wọlé kó tó gbé ìkejì tẹ̀ lé e. Rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ agbóhùnjáde àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ló ń tún ṣe níbẹ̀. Wáyà tí iná wà lára rẹ̀, tí àwọn ẹlòmíì ń fi igi gbígbẹ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ lásán ni Fọlábí fi ń mú un, ìdí nìyẹn tí àwọn Haúsá tí wọ́n jọ ń tajà fi sọ ọ́ ní Ba Tsoro, ìyẹn ni pé kò sí ìbẹ̀rù.

Ká ní wọ́n mọ̀ ni. Ba Tsoro yìí kan náà, bó bá fẹ́ lọ sí balùwẹ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé, ògiri ló máa ń rọ̀ mọ́ lọ. Á yíjú sí ògiri bí ẹni tó ń ka nǹkan tí wọ́n kọ sára rẹ̀, kí ojú rẹ̀ má baà pàdé igi máńgòrò. Ọdún mẹ́fà gbáko ló fi ka ògiri yẹn. Kò sí ohun kan tí wọ́n kọ sí i.

Bàbá bàbá rẹ̀ ló gbin igi ọ̀hún. Ìgbájọ ni wọ́n ti bí bàbá náà, iṣẹ́ akọ̀wé rélùwéè ló gbé e wá sí Jos, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń dé Terminus lójoojúmọ́. Ọmọ mẹ́ta ló ti sin kó tó kọ́lé sí Ali Kazaure. Nígbà tí ọmọ kẹrin pé ọdún mẹ́ta tí kò kú, bàbá kò mọ ohun tí à á ṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ìgbájọ jìn, kò sí àgbàlagbà nítòsí tó lè bi léèrè. Iṣẹ́ rélùwéè nìkan ló mọ̀, àwọn rélùwéè kò sì mọ ọ̀nà míì tí à ń gbà dá nǹkan dúró sójú kan ju ká kàn án ní ìṣó lọ. Bó ṣe mú ọmọ rẹ̀ nìyẹn ní ọjọ́ kejì ọdún tuntun, ó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti igi, ó gbé ìwé orin lé e lórí kó lè tẹ́jú, ó sì gbá ìṣó onínǹṣì mẹ́rin kan wọ ara igi lókè ìwé orin náà. Ó ní òun ti kan ọmọ òun mọ́ ayé.

Ọmọ náà gbó, ó tọ́. Látìgbà náà, gbogbo ọmọ Akínwọlé tó bá ti pé ọdún mẹ́ta ló ń fẹ̀yìn ti igi yẹn ní ọjọ́ kejì ọdún, ìṣó kan fún ọmọ kan, ó tán. Ìgbà yẹn, ìtùnú ni ìṣó jẹ́ fún wọn. Kò tíì di ẹ̀rù.

Ọdún 1996 ló di ẹ̀rù. Àrùn yírùnyírùn jà káàkiri òkè ọya lọ́dún náà, ó sì dé Jos. Julius, ẹ̀gbọ́n Fọlábí, ọmọ ọdún méjìlá tó lè fi ètè lásán súfèé gbogbo orin ṣọ́ọ̀ṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, sọ ní ọjọ́ Ajé pé ọrùn ń dun òun. Ní Ọjọ́bọ̀, kò sí mọ́. Ọjọ́ kejì tí wọ́n sin ín, Màmá Christianah, ìyá wọn, jáde sí ẹ̀yìnkùlé lọ wá ìṣó ọmọ rẹ̀. Ó wo ibi tí ojú rẹ̀ dé, kò rí i. Ó gbójú sókè díẹ̀ sí i, kò rí i. Ó ń gbójú sókè títí gèlè fi já bọ́ lórí rẹ̀, kò sì bẹ̀rẹ̀ mú un. Fọlábí, ọmọ ọdún mẹ́wàá, dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó sì gbọ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀:

“Ó ti gbé e lọ.”

Ìyá kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n obìnrin kan tó gbé oúnjẹ wá kí wọn gbọ́ ọ pẹ̀lú, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà jáde pa pọ̀ mọ́ abọ́ òfìfo rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ á fi dé ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì, òrùlé ti wọ inú rẹ̀.

Ẹ wá wo Fọlábí nígbà tí Treasure, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, pé ọdún mẹ́ta. Bí kò bá kan ìṣó, kò sí ohun tó so ọmọ mọ́ ayé. Bó bá kan án, igi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ. Ó ro ọ̀rọ̀ náà títí ó fi rù. Ó ti sanra padà o, ẹ má dààmú. Níkẹyìn ó kan án, nítorí ìyá rẹ̀ dúró tì í gbọin. Ó fi òòlù gbá àtàǹpàkò ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ju òòlù sílẹ̀, ó wọlé lọ. Àtìgbà náà ló ti ń ka ògiri.

Ní oṣù kìíní ọdún tí à ń sọ yìí, Treasure pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bèlúbèlú ọ̀fun rẹ̀ sì wú débi pé ohùn imú ló fi ń sọ̀rọ̀. Bó bá sùn, á máa hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Híhanrun kọ́ ló ń já bàbá àti ìyá rẹ̀ láyà. Ohun tó ń já wọn láyà ni ìgbà tí híhanrun bá dákẹ́, tí àyà ọmọ kò lọ sókè, tí kò wá sílẹ̀, títí ìyá rẹ̀ á fi fọwọ́ gbún un kó tó fa èémí gùùrù bí ẹni tó yọ jáde látinú odò. Dókítà ní kí wọ́n gé bèlúbèlú náà kúrò kí ọ̀rọ̀ náà tó burú ju báyìí lọ. Ó ní iṣẹ́ kékeré ni, ọjọ́ Ìṣẹ́gun lòun á ṣe é. Ó wá mú bébà kan jáde, ó ní kí bàbá ọmọ fọwọ́ sí i pé òun gbà kí wọ́n fi oògùn kun ọmọ òun lóorun.

Oorun. Ọ̀rọ̀ yẹn ni Fọlábí gbé délé. Oorun ni Julius náà sùn ní alẹ́ Ọjọ́rú, tí wọ́n ń pè é tí kò dáhùn.

Fadékẹ́, ìyàwó rẹ̀, tó ń rán aṣọ ilé-ìwé nínú yàrá iwájú, gbé bírò lé bébà náà ní Ọjọ́rú. Fọlábí ní òun fẹ́ kà á dáadáa ná. Ní Ọjọ́bọ̀, ó ṣì ń kà á. Ní ọjọ́ Ẹtì, Fadékẹ́ béèrè bóyá ìwé náà ní apá kejì tí wọn kò fi han òun. Fọlábí ká bébà náà sí mẹ́rin, ó tì í bọ àpò, ó ní ó ku ohun kan tí òun fẹ́ wò.

Òwúrọ̀ Sátidé, tí ọyẹ́ Jos ń ta ènìyàn létí, ó wọ kóòtù lórí kóòtù, ó kúrò lára ògiri, ó sì yíjú sí igi.

Igi náà ti di nǹkan míì. Lọ́jọ́ tó kan ìṣó, apá rẹ̀ ká a, ìka rẹ̀ sì pàdé lódì kejì. Báyìí, ó hàn sí i láìgbìyànjú pé wọn ò lè pàdé mọ́. Ẹ̀ka rẹ̀ ti ga kọjá òpó iná. Orí Treasure tó dé ìbàdí rẹ̀ nígbà yẹn ti dé àyà rẹ̀. Fọlábí ṣírò rẹ̀ lọ́kàn pé bí ọmọ bá lè ga tó báyìí, igi tó ń ga ju ọmọ lọ á ti gbé ìṣó jìnnà. Nítorí náà, láti ibi tí ojú ara rẹ̀ dé ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a, ó sì ń lọ sókè.

Èèpo igi lásán. Èèrà ń lọ, èèrà ń bọ̀. Ó yí igi náà po lẹ́ẹ̀kan, ó yí i po lẹ́ẹ̀kejì, àyà rẹ̀ ń lù débi pé ó ń gbọ́ ọ létí bí agbóhùnjáde tí wáyà rẹ̀ ń já. Ó lọ gbé àkàsọ̀ wá. Treasure jáde nínú súwẹ́tà méjì, ó di àkàsọ̀ mú fún un, inú rẹ̀ sì dùn, nítorí kì í ṣe ojoojúmọ́ ni ènìyàn ń rí bàbá rẹ̀ lórí igi.

“Dádì, kí lẹ ń wá?”

“Ìṣó rẹ.”

“Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?”

 Ojú Fọlábí ti dọ́gba pẹ̀lú ẹnu òrùlé. Ó rí etí páànù tó ti dípẹtà, ó rí ewé máńgòrò tó gbẹ sórí rẹ̀, kò sì rí ìṣó kankan nísàlẹ̀ ibẹ̀. Ó mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ó fẹ́ gbójú sókè sí i, ọrùn rẹ̀ kọ̀. Àkàsọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀.

Treasure ní kó sọ̀kalẹ̀, kó má já lu òun, torí iṣẹ́ abẹ kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ ṣe fún òun, òun kò fẹ́ ìkejì. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀ tán, tó fara ti àkàsọ̀, tó sì ń mí gúlegúle, ọmọ náà bi í ní ìbéèrè tí kò sí ẹni tó bi í rí láyé rẹ̀.

“Tiyín dà?”

“Kí ni tèmi?”

“Ìṣó tiyín, Dádì. Ṣé wọn ò kan tiyín ni?”

Wọ́n kan án. Ọdún mẹ́rìndínlógójì sẹ́yìn ni wọ́n kan án. Fọlábí yíjú padà sí igi, ó sì wá tirẹ̀ náà. Kò sí. Ẹlòmíì á jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, á bú sẹ́rìn-ín, á ní èmi rèé láàyè, mo sanra, n kò ní ìṣó, ọ̀rọ̀ bùṣe. Fọlábí kì í ṣe ẹlòmíì. Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni pé àwọn méjèèjì ni igi ti gbé. 

Màmá Christianah ti jáde sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú ìborùn. Ó ti rí àkàsọ̀, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni ní láti ṣàlàyé fún un. Ó ní a kì í kun ọmọ tí ìṣó rẹ̀ sọnù lóorun, kí wọ́n fi ọmọ òun sílẹ̀ kó máa hanrun, òun á bá wọn jí i lóru. Fadékẹ́ gbọ́ láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó jáde pẹ̀lú okùn ìwọnṣọ lọ́rùn. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, ó ní òun kò lè ka iye ìgbà tí òun ti jí ọmọ yìí mọ́, àti pé ẹ̀rù ìṣó kọ́ ló ń ba òun, ẹ̀rù ọjọ́ tí oorun á gbé òun lọ tí òun kò ní jí láti gbún un ni. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ọkọ rẹ̀.

“Bàbá Treasure, bílẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun bá mọ́, ẹ̀yin tàbí èmi, ẹnì kan á fọwọ́ sí bébà yẹn.”

Ohùn rẹ̀ kò le. Ìyẹn gan-an ló tún dá kún ẹ̀rù Fọlábí. Bí kò bá fọwọ́ sí i, èémí ọmọ lè dákẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan. Bó bá fọwọ́ sí i, ọmọ lè sùn lọ lórí tábìlì dókítà, kí Màmá Christianah sì sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́ sókè igi lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá rí ọ̀nà kan ṣoṣo. Bí igi bá wó sílẹ̀ lónìí, a jẹ́ pé ẹ̀ka tó gbé ìṣó wà nílẹ̀, wọ́n á tú u wò, wọ́n á rí ìṣó ọmọ, á sì ti padà sí ilẹ̀ayé kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìyá rẹ̀ ní bó bá gé igi náà, gbogbo ìdílé ló gé. Fọlábí ti ń pe Samson lórí fóònù.

Samson jẹ́ ọmọ Pankshin, ó tín-ín-rín, ẹ̀rọ ìgégi ló fi ń jẹun, àpá gígùn kan sì gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá láti etí dé àgbọ̀n. Ó gbé ilé àwọn Yorùbá fún ọdún mẹ́sàn-án, nítorí náà Yorùbá rẹ̀ já gaara níbi tí Haúsá kò bá ti dá a lọ́nà. Ó kí Màmá ní ina kwana, ẹ káàárọ̀ àwọn Haúsá, ó tún dọ̀bálẹ̀ fún un díẹ̀ kí méjèèjì lè pé. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀, ó yí igi náà po, ó fọwọ́ gbá a bí ẹni tó ń gbá màlúù lẹ́yìn.

“Ọ̀gá, ìṣó wà nínú ẹ̀?”

Fọlábí yíjú sí i wàrà. Ó bi í pé ta ló sọ fún un.

“Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Igi ẹ̀yìnkùlé ni. Kò sígi ẹ̀yìnkùlé tí kò ní ìṣó nínú.” Samson tọ́ka sí àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ní ìṣó kan ṣoṣo nínú igi kan ní Bukuru ló já ṣéènì ẹ̀rọ òun, ṣéènì náà sì fò wá kọ orúkọ rẹ̀ sójú òun. Látìgbà náà, bí wọn ò bá tíì fi gbogbo ibi tí ìṣó wà han òun, òun kì í fa okùn ẹ̀rọ.

Fọlábí tọ́ka sókè. Ó ní ìṣó náà ti gòkè. Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti rélùwéè, ti Julius, ti òrùlé, ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ń sọ ọ́ wéréwéré, kò wo ojú ìyá rẹ̀. Samson gbọ́ ọ tán. Kò rẹ́rìn-ín, ó kàn fọwọ́ bo ẹnu fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rìn lọ síbi wáyà tí wọ́n ń sá aṣọ sí, èyí tí wọ́n ta láti òpó ilé ìdáná dé ara igi. Wọ́n ti so ó yí igi ká nígbà kan. Báyìí, kò sí ẹni tó lè rí ibi tí wọ́n so ó, wáyà náà kàn wọ inú igi lọ gbọnrangandan bí okùn tó wọ inú ẹnu.

“Mama, ta ló so wáyà yìí?”

Màmá Christianah ní ọkọ òun ni, ní ọdún tí òun wọ ilé yìí ní ìyàwó. Samson bi í pé ó ti tó ọdún mélòó. Ó ṣírò rẹ̀, ó ní ọdún mẹ́tàlélógójì.

“Lọ́dún yẹn, ṣé ẹ máa ń gun àga kẹ́ ẹ tó sá aṣọ?”

“Àga kẹ̀? Kí ni màá gùn ún fún?”

“Nísinsìnyí ńkọ́?”

Ìyá ṣí ẹnu láti dá a lóhùn, ó sì na ọwọ́ sókè láti fi hàn án. Ọwọ́ náà dé orí wáyà, níbi tó ti máa ń dé láràárọ̀ láti ọdún mẹ́tàlélógójì, ó sì dúró síbẹ̀. 

“Haba, Mama. Ká ní igi ń gbé nǹkan gòkè ni,” Samson sọ ọ́ jẹ́jẹ́, “ẹyẹ ni ì bá máa bá yín sá aṣọ.”

Fọlábí wo wáyà, ó wo ọwọ́ ìyá rẹ̀, ó wo igi. Ẹ̀rù kò kúrò lára rẹ̀, ṣe ló yí ibùjókòó padà. Ó bi Samson pé bí kò bá sí lókè, níbo ló wà. Samson ti kúnlẹ̀ nísàlẹ̀ igi. Ó fọwọ́ ra èèpo rẹ̀ bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn, ó ní kí wọ́n wá wò ó, igi yìí ní ìdodo. Lóòótọ́ ni. Ní ìwọ̀n ìbàdí àgbàlagbà, yíká igi náà, àwọn ibì kan wà tí èèpo ti ká jọ sínú, tó jinlẹ̀ wẹ́rẹ́ bí ìdodo ọmọ, omi dúdú bíi yíǹkì sì ti sun jáde lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó gbẹ. Samson ní irin tó wà nínú igi ló ń sun bẹ́ẹ̀. Ìdodo mẹ́jọ ni Treasure kà, ó sì ń kà wọ́n ní èdè Haúsá nítorí èyí ló yá a lẹ́nu.

Samson béèrè pé ibo ni orí ọmọ náà dé lọ́jọ́ tí wọ́n kan ìṣó. Fọlábí fọwọ́ sí ìbàdí ara rẹ̀.  Ó ní apá ibi tó kọjú sí ilé ìdáná ni. Ìdodo kékeré kan wà níbẹ̀, tí ètè èèpo rẹ̀ ṣì tutù ju ti àwọn yòókù lọ. Samson mú irin ìgbẹ́gi pẹlẹbẹ kan jáde nínú àpò, irú èyí tí káfíńtà ń lò, ó ń fi òòlù gbá a, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ igi díẹ̀díẹ̀.

Fọlábí kò lè wò ó. Ó kẹ̀yìn sí i, ó yọ bébà dókítà nínú àpò, ó fi bo ojú. Bó bá jẹ́ pé kòròfo ni ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé gbogbo ọ̀rọ̀ wáyà yìí dára lójú, tí wọ́n sì gbẹ́ ẹ tán, tí wọn ò bá nǹkan kan níbẹ̀? Gbogbo ìgbà tí òòlù bá dún, èjìká rẹ̀ á fò sókè. Treasure dúró sáàárín àwọn méjèèjì, ó ń fi ohùn imú rẹ̀ ròyìn fún bàbá rẹ̀ bí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lórí rédíò.

“Ó ti bọ́ èèpo kúrò, Dádì.”

Òòlù dún.

“Igi funfun ni mò ń wò.”

Òòlù dún.

“Kò tíì sí nǹkan kan.”

Fadékẹ́ fọwọ́ di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. Ọwọ́ tirẹ̀ náà tutù, òun tó ní kò sí ẹ̀rù ìṣó nínú òun.

“Kò tíì sí nǹkan kan. Kò tíì sí. Dádì, kò tíì…”

Irin kan irin. Ó dún kín-ín, ohùn kékeré kan báyìí, bíi ti ṣíbí tó kan etí ife.

Fọlábí yí padà. Orí ìṣó náà wà nínú igi ní ìwọ̀n ìdajì ìka sínú, ó rí roboto, ó dúdú, kò sì tẹ̀. Igi ti nípọn bò ó láti ẹ̀gbẹ́, ó sì ti pa ètè dé lórí rẹ̀. Treasure fi ẹ̀yìn ti igi níbẹ̀. Ìṣó náà kò tilẹ̀ dé èjìká rẹ̀.

“Ibí ni mo ga dé? Mo kúrú o.”

 Fọlábí jókòó sórí ìdí àkàsọ̀, kóòtù méjèèjì, ìbẹ̀rù àti gbogbo rẹ̀.

Ìgbà náà ni ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní ti Julius wà lábẹ́ wáyà, lọ́wọ́ òsì, òun rántí, torí aṣọ ìlédìí Fọlábí wà lórí wáyà lọ́jọ́ náà, ó sì ń kán sí wọn lórí. Ó rìn lọ síbẹ̀. Fadékẹ́ di ìgúnpá rẹ̀ mú kó lè bẹ̀rẹ̀. Àpá kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ti fẹ̀, ó ti tẹ́, omi dúdú rẹ̀ ti gbẹ mọ́ èèpo tipẹ́tipẹ́. Samson wò ó, ó ní èyí á ti wọnú tó ọwọ́ ènìyàn, kò sídìí láti dá igi lóró nítorí rẹ̀.

“Ó wà níbẹ̀, Mama. Kò lọ síbì kankan.”

Màmá Christianah ti ìka rẹ̀ bọ àpá náà, ó sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́ ìborùn rẹ̀ sẹ́yìn. Nígbà tó pẹ́, ó wo Fọlábí lójú, fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ yẹn.

“Òkè ni mò ń wò,” ó ní. “Gbogbo ìgbà yẹn, òkè ni mò ń wò.”

 Fọlábí na bébà dókítà lé ẹ̀yìn Treasure, ó béèrè bírò. Fadékẹ́ ti ní in lọ́wọ́. Ẹ̀rù ṣì ń ba Fọlábí bó ṣe ń fọwọ́ sí i, ọwọ́ rẹ̀ sì wọ́ débi pé orúkọ Akínwọlé rí bí ìgbà tí kòkòrò bọ́ sínú yíǹkì tó rìn kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ń ba bàbá ọmọ gbogbo ni, èyí tí kò ní òrùlé nínú. Samson kò fa okùn ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Màmá fún un ní ògì gbígbóná, ó mu ún tán, ó kí wọn, ó lọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Fọlábí lò tó wákàtí kan lórí àga gígùn ní ilé ìwòsàn, ó ń jókòó, ó ń dìde, títí nọ́ọ̀sì kan fi ní kó mú ẹyọ kan nínú méjèèjì. Wọ́n ti Treasure jáde lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ dì, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀. Kò hanrun. Fọlábí dúró sórí rẹ̀, ó bi nọ́ọ̀sì bóyá ó ń mí. Nọ́ọ̀sì ní ó ń mí. Ó tún bi í. Nọ́ọ̀sì mú ọwọ́ ńlá rẹ̀, ó gbé e lé àyà ọmọ náà. Àyà náà ń lọ sókè, ó ń wá sílẹ̀, láìsí ariwo kankan. Fọlábí fi ọwọ́ náà síbẹ̀ títí ọmọ fi lajú, tó sì fọwọ́ júwe fún un pé ọwọ́ náà wúwo.

Oníbúrẹ́dì ìkòríta ṣì ń sọ tirẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n ṣóńṣó orí ẹ̀ka nìkan ni igi máńgòrò ti ń ga, abẹ́ èèpo ló sì ti ń nípọn. Ìṣó tí wọ́n bá kàn mọ́ ọn lára ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sílẹ̀, ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta ni yóò wà.